Máàtì Tútù Kan fún Ìyá Tútù

Bí ẹ bá dé Ìkòsí, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọlọ́sàn ń gbà wọ ọjà èso Ketu, tí ẹ wá béèrè Damaris Ògúntúndé, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìyá Tútù ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ tó pe orúkọ náà tán, alábàárù tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó sórí á ti fi ẹnu júwe ibẹ̀ fún yín, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo.

Ọdún kejìdínlógún rèé tí Ìyá Tútù ti ń ta nǹkan mímu tútù lábẹ́ agboòrùn níbẹ̀. Omi, máàtì, mínírà, àti sóbò tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè. Ọmọ Ṣàgámù ni, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, Olúwadàmọ́lá ni wọ́n sọ ọ́. Obìnrin tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tín-ín-rín rárá. Bó bá ké "Ó tutù o!" ní Ìkòsí, ẹni tó wà ní Mile 12 á gbé itọ́ mì. Àsọdùn ni, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi.

Kúlà rẹ̀ ni ká wá sọ. Búlúù ni, ó fẹ̀, ó ga, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sùn sínú rẹ̀ kó tún yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé: ỌJÀ TÍ MO BÁ TI TÀ, MI Ò GBÀ Á PADÀ. Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Awakọ̀ kan ra mínírà ọlọ́sàn lọ́jọ́ kan, bó ṣe gbà á tán ló ní òun ò fẹ́ ọlọ́sàn mọ́, dúdú ni kó fún òun. Ìyá Tútù tọ́ka sí ọ̀dà pupa. Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀, ó halẹ̀, ó tiẹ̀ pe pásítọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Pàbó ni. Nígbà tó yá, ó mu ọlọ́sàn náà, ó sì ra dúdú mọ́ ọn.

Ajarat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta yìnyín ní Mile 12, ló máa ń gbé yìnyín wá fún un láàárọ̀. Ìyá Tútù á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, á tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kúlà, á wọ́n iyọ̀ lé e, á to agolo lé e, á tún da yìnyín bò ó, á tún wọ́n iyọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa kún dé ẹnu, kó tó wá fi àpò tí ó ti rẹ sómi bò ó lórí. Kúlà gbọ́dọ̀ kún o. Bí kò bá kún, ó ní afẹ́fẹ́ á ráyè jókòó sínú rẹ̀, yìnyín á sì tètè yọ́. Èyí tí wọ́n dì láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó lè di ọjọ́ kejì kó ṣì máa tani lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó máa ń bí mi nínú nípa obìnrin yìí. Láti ọdún méjìdínlógún yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò fẹnu kan ẹyọ kan rí nínú ohun tó ń tà. Ẹyọ kan! Ike omi kan wà lábẹ́ àga rẹ̀, omi ẹ̀rọ tó pọn láti ilé, tí oòrùn Ìkòsí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sè tán. Òun ló ń mu. Èyí tó tutù, ti oníbàárà ni. Agolo tó bá tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹnikẹ́ni kò rà, Dàmọ́lá ló ń gbé e lọ fún. Orí agolo títẹ̀ lọmọ náà dàgbà sí. Nígbà tó wà ní kékeré, á na agolo sí ìyá rẹ̀, á ní, "Mummy, ẹ mu díẹ̀." Ìyá á mi orí, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Rárá o, ọmọ mi. Ohun tútù máa ń ta mí léyín." Ọmọ á káàánú eyín ìyá rẹ̀, á sì dá agolo rẹ̀ mu tán.

Báyìí ló ṣe wà, títí di ọdún tó kọjá tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn pe àwọn dókítà wá yẹ gbogbo ìjọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà eléyín tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu Ìyá Tútù, ó fi irin kàn án kó kó kó, ó tún fi yìnyín kékeré kan sí i, ó ní, "Ṣé ó dùn yín?" Ìyá Tútù gbàgbé ara rẹ̀, ó ní rárá. Dókítà rẹ́rìn-ín. "Mama, eyín yín le ju tèmi lọ." Dàmọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá rántí gbogbo agolo tó ti dá mu tán. Ó dun ọmọ náà wọnú egungun.

Nígbà tí Dàmọ́lá wá gba owó oṣù àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀ ní Mende, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ìgbafẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, wákàtí mẹ́rin gbáko lórí ọ̀sà, ní ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ tó bọ́ sí Sátidé. Ó kúnlẹ̀ nígbà tó ń fún un.

"Mummy, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Máàtì tútù kan. Ẹ máa jókòó, ẹ máa mu ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi á sì máa wò yín. Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Torí máàtì lo ṣe kúnlẹ̀?"

"Ẹ ṣèlérí, Mummy."

Ìyá Tútù wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé omi ti ń rìn níbẹ̀. "Ó dáa, mo ṣèlérí," ó ní. "Máàtì kan. Dìde, má ba aṣọ rẹ jẹ́."

Àwọn ọlọ́kọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì, Dàmọ́lá sì kà á sókè fún un. Kí kálukú mú nǹkan mímu tirẹ̀ dání. Kò gbọ́dọ̀ sí ìgò, agolo àti ike nìkan. Kúlà kan fún ìdílé kan.

"Kúlà kan," Ìyá Tútù tún un sọ. Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé wọ́n sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?"

"Mummy, èyí tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn."

"Mo ní, ṣé wọ́n sọ ọ́?"

Wọn ò sọ ọ́. Dàmọ́lá yí fóònù sókè, ó yí i sísàlẹ̀, kò rí i.

Láàárọ̀ Sátidé, Dàmọ́lá jáde nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀wù olódòdó àti àkẹtẹ̀ ńlá, ó dára bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò. Ó bá kúlà búlúù lẹ́nu ọ̀nà. Ajarat jókòó lé ìdérí rẹ̀ kó lè pa dé.

"Agolo mélòó lẹ kó síbẹ̀?"

"Mẹ́rìndínlógójì péré ni."

"Mummy! Àwa méjì!"

"Kí n wá gbé kúlà tí kò kún jáde? Kí yìnyín yọ́, kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí omi?"

"Òótọ́ ni o, Dàmọ́lá," Ajarat gbè é lẹ́yìn láti orí ìdérí. "Kúlà gbọ́dọ̀ kún."

Kí lèèyàn máa sọ fún irú àwọn méjì yìí? Dàmọ́lá pe takisí. Awakọ̀ takisí wo kúlà, ó ní owó èèyàn kan ni nǹkan yẹn máa san. Ìyá Tútù kò bá a jiyàn rárá, ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i.

Wọ́n dé jẹ́tì ní Victoria Island kí aago mọ́kànlá tó lù, tíí ṣe aago tí wọ́n ní ọkọ̀ máa gbéra. Aago méjìlá lù, ọkọ̀ wà níbẹ̀. Aago kan lù, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe nǹkan kan, kí wọ́n ṣe sùúrù. Oòrùn ò mọ̀ pé sùúrù ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó kù gbé kúlà kéékèèké wá, àwọn báàgì ẹlẹ́gẹ́ tó ní síìpù, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ yìnyín kan nínú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó wá kúrò ní jẹ́tì, yìnyín wọn ti domi, omi náà sì ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ṣí mínírà rẹ̀ tó ń yọ èéfín. Irọ́ ni ìyẹn o, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ooru yẹn ṣe tó.

Bí ọkọ̀ ṣe bọ́ sójú ọ̀sà, Dàmọ́lá ní, "Mummy, ẹ dúró níbí. Ẹ jẹ́ kí n wá ibi tó dáa lókè, tí ẹ máa jókòó sí mu máàtì yín." Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ìyá Tútù wo àga ọkọ̀. Fóòmù rẹ̀ rọ̀ jù, ó tún ń mì. Ó wo kúlà. Ó jókòó lé kúlà. Ó fa tówẹ́ẹ̀lì kékeré yọ nínú báàgì, ó fi sí èjìká, ó sì da ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kò ní nǹkan búburú lọ́kàn, bó ṣe ń jókòó láti ọdún méjìdínlógún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: obìnrin kan lórí kúlà ńlá, tówẹ́ẹ̀lì léjìká, ọ̀dà pupa lábẹ́ ìdí rẹ̀ tó ń sọ fáyé pé ọjà tí òun bá ti tà, òun ò gbà á padà. Kí lẹ máa rò?

Ohun tí Jayé náà rò nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò dúdú ni Jayé, ooru ti jẹ ẹ́ débi pé ó ti bọ́ bàtà. Ó na owó. "Mummy, máàtì kan, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Tútù kò pinnu pé òun máa tajà. Mo lè búra fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ló dá a ṣe. Ìdí gbéra, ìdérí ṣí, ọwọ́ wọlé, máàtì jáde, tówẹ́ẹ̀lì nù ún, owó wọ àpò. Kí iyè rẹ̀ tó sọ, Jayé ti gbé agolo sẹ́nu, ó ti gbé e mì, ó sì ti figbe ta: "Háà! Ó tutù o! Ẹ̀yin èèyàn, ó tutù gan-an!"

Gbogbo ọkọ̀ ló yíjú padà.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìlà fi gùn dé ìdí àtẹ̀gùn. Bámi, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tó so fèrè mọ́rùn, sáré dé. "Mama, Mama! Wọn kì í tajà nínú ọkọ̀ yìí o!"

"Ta ló ń tajà?"

"Kí wá ni gbogbo ìlà yìí?"

"Bi wọ́n léèrè. Ṣé èmi ni mo tò wọ́n?" Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ tún ti wọlé, ó nu agolo kan, ó fi lé Bámi lọ́wọ́. Bámi wọ̀tún, ó wòsì, ó fi ẹ̀yìn sí ibi tí ọ̀gá rẹ̀ wà, ó mu ún. Nígbà tó tún yíjú padà, fèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ tò dáadáa! Ẹ má tira yín! Mama kan ṣoṣo la ní!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Dàmọ́lá sọ̀ kalẹ̀.

"Mummy!"

Ìyá Tútù ta gìrì. Ojú tì í. "Mi ò tà á o," ó ní. "Àwọn ni wọ́n ń rà á."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo rántí. Máàtì mi wà níbẹ̀. Wò ó, màá mu ún báyìí, lójú rẹ."

Ó mú ọ̀kan, ó sì jókòó sórí àga ọkọ̀ bí àlejò gidi. Inú Dàmọ́lá dùn, ó gbé fóònù sókè kó ká a sílẹ̀. Aboyún kan ló wà níwájú ìlà. Kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ń wo agolo náà, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Tútù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Gbà, ọmọ mi. Oṣù mélòó ni?"

Fóònù Dàmọ́lá wálẹ̀. Ìyá Tútù ní kò burú, ó ṣì kù, ó mú òmíràn. Bàbá àgbàlagbà kan ló kàn, ó ní ìyàwó òun ti sọ fún òun nílé pé ooru máa pa òun lórí omi yìí, òun ò gbọ́. Ó gba agolo náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá Tútù mú ẹ̀kẹta. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ló dúró níwájú rẹ̀. Nígbà yẹn, Dàmọ́lá kò tiẹ̀ gbé fóònù sókè mọ́. Ó rìn lọ síbi irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ìyá Tútù rí èjìká ọmọ rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó mọ̀ pé òun ń ṣẹ ọmọ òun. Ṣé pé kò fẹ́ mu ún ni? Ó fẹ́ mu ún o, Ọlọ́run ló mọ̀. Kò kàn mọ bí èèyàn ṣe ń fi ohun tútù sọ́wọ́ tirẹ̀ nígbà tí òǹgbẹ ń gbẹ ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà á. Bí nǹkan yìí bá dùn bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo èyí tí òun ò mu láti ọdún méjìdínlógún, ṣé òun á lè gbàgbé rẹ̀? Ó padà sórí kúlà rẹ̀, ibi tó mọ̀ ọ́n jókòó sí, ó sì tẹrí ba sídìí iṣẹ́.

Ìlà ń lọ. Ogún agolo ló kù, ó di mẹ́wàá, ó di márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ inú yìnyín, ó wá inú rẹ̀ kiri, ó rí i pé agolo kan ṣoṣo ló kù. Ìlérí rẹ̀ ló kù nínú kúlà yẹn.

"Ẹni tó kàn," ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́.

Ẹni tó kàn na owó. Ìyá Tútù gbójú sókè. Dàmọ́lá ni, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ìlà ni mo tò, mà. Máàtì kan, ẹ jọ̀ọ́."

"Dàmọ́lá, má ṣe mí báyìí."

"Mama, ó tò o," Bámi dá sí i. "Èmi ni mo tò ó. Kò já ìlà."

Ìyá Tútù wo ọmọ rẹ̀, ó wo Bámi, ó wo owó. Ẹni tó bá tò, tó sì mú owó dání, kí lèèyàn tún lè ṣe fún un ju kó tà fún un lọ? Ó mú agolo náà jáde, ó nù ún, ó gba owó. Dàmọ́lá ṣí i, pàáà! Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi í sáàárín ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì, ó sì ká àwọn ìka náà mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tiyín ni. Mo rà á fún yín."

"Gbà á padà jọ̀ọ́. Wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, wo bó ṣe ń..."

Dàmọ́lá kò wẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ síwájú kúlà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀dà pupa, ó sì ń kà á bí ọmọ iléèwé: "Ọjà... tí mo bá... ti tà..."

"Mi ò gbà á padà!" Bámi parí rẹ̀. Jayé náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, aboyún gbà á, bàbá àgbàlagbà náà gbà á, gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ ba Ìyá Tútù. Òun tó fi ọ̀rọ̀ kan náà sé awakọ̀ mọ́ títí tó fi pe pásítọ̀! Ó wo agolo náà. Ó gbé e sẹ́nu.

Ó gbé ẹ̀kínní mì, ó di ojú. Òtútù náà gba eyín rẹ̀ lọ síwájú orí, ó tún gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ sáyà. "Yéè!" Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Kí ló dé?"

"Ó ta mí léyín," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Dàmọ́lá, tòótọ́ tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí."

Ó gbé ẹ̀kejì mì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó tutù," ó ní. Ohùn tó ń dé Mile 12 yẹn, ẹni tó wà lẹ́yìn Dàmọ́lá kò gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, ó tutù o. Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?"

"Báyìí ló ṣe máa ń rí, Mummy," Dàmọ́lá ní. Ẹkún ti gbà á, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Obìnrin kan sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, owó lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn lójú rẹ̀. Ó ya àwọn èèyàn sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dé iwájú kúlà. "Mama olómi tútù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá, òǹgbẹ fẹ́ pa mí. Ṣé ó kù?"

Ìyá Tútù kò dìde. Kò ṣí ìdérí, kò sì ṣí ojú.

"Ẹ ní sùúrù," ó ní. "Mò ń mu tèmi lọ́wọ́."